Oníbàárà Ló Ń Ké Báyìí, Ta Ni Yóò Dáhùn?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ agbègbè Ìgándò)

 

Láyé àwọn ìyá wa, ẹni tó ru igbá lórí ló ń ké. Kí alákàrà tàbí ẹlẹ́kọ tó yọ sí agboolé ni ohùn rẹ̀ ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Oníbàárà á jókòó sínú ilé, á tẹ́tí, á ní, “Ẹlẹ́kọ, ẹ yà síbí!” Àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ti wí púpọ̀ nípa ìpolówó ọjà: bó ṣe ń dárúkọ ọjà, bó ṣe ń yìn ín, bó ṣe ń mú kí itọ́ yọ lẹ́nu ẹni tí ebi ò tíì pa. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi rò lónìí ni pé ètò yẹn ti ń yí padà. Oníbàárà ló ń ké báyìí. Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó ní òun ń wá ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí nítòsí òun. Ọlọ́jà ló kù tó yẹ kó dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wa ni kò sì dáhùn, torí wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń pè wọ́n.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ mí.” Òótọ́ ni, ó sì tó ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọra. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ìgándò rí? Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí Ìgándò wà. Òun ló pọ̀ jù nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ sì tún jiyàn nígbà náà pé iye yẹn kéré sí òótọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà lọ́dún 2003, tí Ìkọ̀tún-Ìgándò di ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀, ilé ò yéé pọ̀ sí i. Ojoojúmọ́ ni ayálégbé ń ti àárín Èkó kó wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹrù sílẹ̀ lánàá kò mọ ẹnì kankan tó lè júwe aránṣọ fún un. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló máa bi.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan ń ti Ìṣẹ́rí bọ̀ lójú ọ̀nà LASU, ìyẹn ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, nírọ̀lẹ́, iná iwájú rẹ̀ sì kú ní Àkẹ̀sán. Awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tẹ àmì máíìkì lórí fóònù, ó ní, “Riwáyà tó wà nítòsí mi.” Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí fóònù ṣe ni pé ó gbìyànjú láti lóye ohùn yẹn. Ìgbà tó yé e tán ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò tó wà lọ́dọ̀ Google. Google fúnra wọn sọ pé ohun mẹ́ta làwọn fi ń yan ẹni tí wọ́n máa dárúkọ: bóyá iṣẹ́ rẹ̀ bá ohun tí wọ́n béèrè mu, bó ṣe jìnnà tó, àti bí òkìkí rẹ̀ ṣe tó, ìyẹn bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú bá wà lábẹ́ àtíbàbà ní ìwọ̀n ìrìn ìṣẹ́jú méjì, àmọ́ tí kò sí lákọsílẹ̀, Ìkọ̀tún ni fóònù á júwe fún awakọ̀ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ta kókó rèé. Ní Nàìjíríà, riwáyà làwa ń pe ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Kò sí riwáyà nínú orúkọ iṣẹ́ tí Google tò sílẹ̀ kéèyàn mú. “Auto electrical service” ló wà níbẹ̀. Fọganáísà tiwa, “tire shop” ni tiwọn. Páńẹ́lì bítà tiwa, “auto body shop” ni. Tẹ́ ẹ bá ń forúkọ ìṣòwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google, èyí tí wọ́n tò síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, torí ẹ̀rọ máa ń wo ibẹ̀. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yín, ẹ kọ ọ́ bí oníbàárà ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu: “Riwáyà ni mí. Mò ń tún iná ọkọ̀, ọ́tanétọ̀ àti bátìrì ṣe. Mo wà ní Àkẹ̀sán, lójú ọ̀nà LASU.” Tí oníbàárà bá sì ní iṣẹ́ yín dáa, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́rọ̀ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ Yorùbá tàbí píjìn. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù.

Orúkọ ìdúpẹ́ ló kún ara pátákó wa. Oore-ọ̀fẹ́, Àánú, Ògo Olúwa. N kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ lórí orúkọ tó fi ń yin Ọlọ́run rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sọ fún ẹ̀rọ bóyá aṣọ lẹ̀ ń rán tàbí irun lẹ̀ ń dì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ pátákó, kó kọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ orúkọ náà. Ẹ má wulẹ̀ fi kún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan: òfin Google ni pé orúkọ tó wà lójú pátákó ni kó wà níbẹ̀, wọ́n sì lè ti ojú ewé ẹni tó bá ń to ọ̀rọ̀ jọ sórí orúkọ pa.

Ní ti àdírẹ́sì, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń júwe ilé ní Ìgándò. Ẹ̀yìn ọsibítù jẹ́nẹ́rà. Ọ̀kánkán ilé epo. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àlàyé yín, kẹ́ ẹ sì dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù fúnra yín kẹ́ ẹ tó fi àmì sí i lórí máàpù. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, bíi púlọ́ńbà tàbí káfíńtà tó ń lọ bá oníbàárà nílé, lè fi àdírẹ́sì rẹ̀ pa mọ́, kó kàn dárúkọ àwọn àdúgbò tó máa ń dé: Ìgándò, Ìjẹ̀gun, Ìdímù, Ẹgbẹ́da. Mo gba àwọn obìnrin tó ń dá iṣẹ́ ṣe nínú ilé nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi àdírẹ́sì pa mọ́. Kò sídìí tí gbogbo ayé fi gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀kùn yàrá yín.

Àwọn kan á ní, ṣé fóònù tiẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá ni? Lọ́dún 2010 ni Google ti jẹ́ kí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà máa fi èdè Súlù àti Afrikaans wá nǹkan pẹ̀lú ohùn. Lọ́dún 2013 ni wọ́n fi Yorùbá kún èdè tí wọ́n ń túmọ̀, lọ́rọ̀ kíkọ. Lọ́dún 2020, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè Yorùbá, àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ ohùn Yorùbá kan jáde tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 2024 kí Google tó kéde pé ẹ̀rọ àwọn ti ń gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti píjìn Nàìjíríà bá a bá ń fi ohùn wá nǹkan. Ọdún mẹ́rìnlá ni Súlù fi ṣáájú wa. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Bó ti wù kó rí, etí ẹ̀rọ ti là. Kí ló máa wá rí kà? Tí ìyá kan bá fi Yorùbá béèrè ẹni tó ń lọ ẹ̀lùbọ́ ní Ìgándò, tí kò sì sí ọlọ́lọ kan tó kọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, ìbéèrè á dé, ìdáhùn lè má sí. Google kọ́ ló máa wá bá wa kọ ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó máa ní kẹ́ ẹ san owó kí wọ́n tó fi yín sórí Google. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ yín àti nọ́ńbà yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ẹ má fi ti ọmọ tó bá yín tẹ̀ ẹ́ ṣe é. Ọjọ́ tó bá kó kúrò ládùúgbò, ojú ewé yín bá a lọ nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì máa tún àkókò tẹ́ ẹ ń ṣí ṣe. Ẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ wá bá yín nítorí fóònù ní ẹ ṣí, tó wá bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò ní padà wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ojú ọ̀nà kan náà ni ilé ìwé yín àti Ìgándò jọ wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá yìí, ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tiwọn, kẹ́ ẹ sì kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣe é fúnra wọn. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan fún un nínú ìpàdé yín tó ń bọ̀. Mo sì ń rọ ìjọba ìdàgbàsókè Ìkọ̀tún-Ìgándò pé kí wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan sí sẹkitéríàtì tí oníṣòwò tí kò mọ̀wé lè tọ̀ lọ láìsan kọ́bọ̀.