Ààwẹ̀ àti Oògùn Àìbalẹ̀-Ọkàn

 

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo oògùn àìbalẹ̀-ọkàn ló kàn lónìí. Àwọn kan wà, bí oṣù bá ti lé báyìí, wọ́n á da oògùn wọn nù. Wọ́n ní ẹni tó bá gbára lé Ọlọ́hun kì í lo oògùn ìpayà. Ewu ńlá ni, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí ìpayà bá dé, ì báà ṣe ti owó ilé, ì báà ṣe ti ẹjọ́, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín wa. Àwọn ló ń tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, oorun á dá lójú. Bí ẹkùn bá ń lé èèyàn, ìyẹn dáa, ẹsẹ̀ á yá nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkùn wo ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru?

Diazepam, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1963, inú ọpọlọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Èròjà kan wà níbẹ̀, GABA lorúkọ rẹ̀, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó rọra. Diazepam á wá fi agbára kún iṣẹ́ èròjà yìí. Ni ìpayà á bá rọlẹ̀, cortisol pàápàá lè dín kù. Propranolol yàtọ̀ ní tiẹ̀: ọ̀nà tí adrenaline ń gbà mú àyà sáré ló ń dí. (Kí ẹni tó ní ikọ́ fée má dán an wò láìrí dókítà.) Àmọ́ kò sí èyí tó ń bá wa san owó ilé nínú méjèèjì o!

Bí diazepam bá ti wá mọ́ ara lára, tí èèyàn sì dá a dúró lójijì, ìpayà tó ti rọlẹ̀ lè padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gìrì lè mú un, ó sì lè bá a lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń gba èèyàn kúrò nídìí ẹ̀.

Diazepam máa ń pẹ́ nínú ara ju ọjọ́ kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, dókítà lè sún un sí alẹ́ fún un, lẹ́yìn ìṣínu. Bó bá sì jẹ́ oògùn tí kò ṣeé yẹ̀ kúrò lọ́sàn-án, Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Suratul Baqarah, aayah 184, pé kó san ààwẹ̀ náà padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹni tó bá sì ti já oògùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìjẹta, tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó má dúró de ọdún Ìtúnu. Ọsibítù ni kó gbà lọ lónìí. Ma-assalaam.