Bí Àgbàlagbà bá Gba Iṣẹ́ Awakọ̀ Akẹ́rù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan àwọn ọkùnrin tí à ń rí lójoojúmọ́ ní ìlú Kaduna yìí, láti Kakuri àti Sabon Tasha títí dé Kawo: àwọn tí wọ́n ti lé ní ẹni 50 ọdún, tí ewú ti gba orí wọn, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di awakọ̀ akẹ́rù. Òmíràn ń gbé píọ̀ wọ́tà, òmíràn ń gbé búrẹ́dì láàárọ̀ kùtùkùtù, òmíràn ń gbé sílíńdà gáàsì kiri. Ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé tàbí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ìjelòó ni ó ń ru ẹrù wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí.

Ohun tí ó fa èyí kò fara sin. Ilé-iṣẹ́ ahunṣọ Kaduna Textiles, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002. United Nigerian Textiles náà tì í ní 2007, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún ṣí i díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 35 nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ti kọjá 50 báyìí. Ní ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún 60 ni òpin iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Nítorí náà ẹni tí ó wọṣẹ́ ní ọmọ 20 yóò fẹ̀yìn tì ní 55, nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ lè má tí ì jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní òpin oṣù Karùn-ún 2023 ni ìjọba kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróò mọ́. Lítà kan tí kò tó náírà 200 sì fò kọjá 500 ní òkè Ọya níhìn-ín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n lè ròyìn bí oṣù ti gùn tó láti ìgbà náà.

Nígbà tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé wọ́n ń wá awakọ̀, inú rẹ̀ a dùn. Ó ti ń wakọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Kí ni ó tún kù? Ibẹ̀ gan-an ni a fẹ́ kí ó ti dúró kí ó ṣe ìṣirò. Ìwakọ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹrù ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rá omi kan jẹ́ ìdajì lítà. Ogún ọ̀rá ni ó wà nínú báàgì kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 10. Kí á sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ń gba 100 báàgì, tí ó sì ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́: kílò 3,000 nìyẹn. Ẹrù náà kò dá gun ọkọ̀, kò sì dá sọ̀ kalẹ̀. Bí òun nìkan bá ń kó o sókè, tí ó tún ń sọ̀ ọ́, ó ti gbé kílò 6,000 kí oòrùn tó wọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn gbé 120 àpò sìmẹ́ńtì. Sílíńdà gáàsì oníkílò 12.5 ńkọ́? Bí gáàsì bá kún inú rẹ̀, pẹ̀lú irin rẹ̀, ó ju kílò 25 lọ, òmíràn sì wà tí a óò gbé gun àtẹ̀gùn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta.

A mọ ọkùnrin kan tí ó gba irú iṣẹ́ yìí ní ọmọ ọdún 57. Ọmọkùnrin méjì ni ó bá nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ omi náà, kò sí èyí tí ó tó 25 nínú wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, a ó kó o." Ó kọ̀. Ó ń kó báàgì méjì-méjì bí wọ́n ti ń kó o, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé arúgbó ni wọ́n gbà síṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ yìn ín, lẹ́yìn náà wọ́n mú un bí àṣà, wọ́n sì ń jókòó nígbà tí ó bá ń kó ẹrù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kò lè dìde lórí ibùsùn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó bá a wọ bàtà.

Àwọn baba wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ilé, a mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọmọ ni yóò gba ẹrù lórí baba rẹ̀, láìjẹ́ pé a rán an létí. Ní ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wa lójú. Ọ̀gá lè jẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́bí ẹni, tí yóò máa pe ènìyàn ní "Dírẹ́bà" láì fi nǹkan kan kún un. Ìyẹn kì í pa ènìyàn. Ohun tí ó lè pani ni kí àgbàlagbà máa fi egungun ẹ̀yìn rẹ̀ jà fún ọ̀wọ̀ tí wọn kò fi ẹnu fún un.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ọkùnrin tí à ń wí yìí lọ bá ọ̀gá náà nínú ọ́fíìsì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ọ̀nà, mo mọ àwọn oníbàárà, owó yín kì í sì í dín lọ́wọ́ mi. Ẹ fún mi ní ọmọ ọkọ̀ kan tí yóò máa gbé ẹrù." Ọ̀gá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni." Ó fún un ní ọmọ kan, ṣùgbọ́n ó yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ baba náà. Lójú tiwa, kò yẹ kí ó yọ ọ́, nítorí ẹrù ilé-iṣẹ́ ni ọmọ náà ń gbé. Síbẹ̀, owó tí a yọ kò tó ohun tí oníṣègùn ìbá gbà.

Ẹ jẹ́ kí á mẹ́nu ba ara díẹ̀. Ẹni tí ó ti jókòó wakọ̀ fún wákàtí kan kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ó sì gbé ẹrù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti gan. Kí ó rìn yí ọkọ̀ ká, kí ó kí oníṣọ́ọ̀bù, kí ó na ara. Kí ó tẹ orúnkún dípò ìbàdí, kí ó sì fa ẹrù mọ́ àyà. Bí ó bá rí i pé nǹkan wú ní abẹ́nú tàbí ní ìsàlẹ̀ ikùn nígbà tí ó gbé ẹrù, ìpá lè ni. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó tún gbé òmíràn. Bí ọjọ́ orí bá sì ti ń pọ̀, òǹgbẹ kì í tètè gbẹ ènìyàn mọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń fẹ́ omi. Nínú ooru oṣù Kẹta àti Kẹrin níhìn-ín, ẹni tí ó gbé 3,000 lítà omi kiri lè délé láì mu ẹyọ ọ̀rá kan.

Àwọn kan ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí í máa mú ènìyàn tọ̀. Nítorí pé kò sí ilé ìyàgbẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á fò ó ní ọjọ́ iṣẹ́, èyí tí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà nínú méje. Kí wọ́n sọ òótọ́ fún dókítà. Ó lè yí àkókò lílò rẹ̀ padà. Oògùn ikọ́ àti ti ara yíyún mìíràn wà tí ó máa ń kun ènìyàn lóorun. Páràgà inú gáréèjì, a kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Kò mú ẹrù fúyẹ́. Ojú ńkọ́? Iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ lálẹ́ máa ń pẹ́ kúrò lójú àgbàlagbà ju ti ọ̀dọ́ lọ. Kí ó wọ awò tí ó bá ojú rẹ̀ mu, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ìrìn ọ̀sán.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ran baba lọ́wọ́. Ẹni tí ó jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ kò lè máa bá àlejò jókòó títí di aago mọ́kànlá òru. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè iṣẹ́ baba yín, ẹ má ṣe sọ pé ó ti fẹ̀yìn tì kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ iṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ọgbà náà ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ó ka iye báàgì tí ń wọ ọkọ̀, kí ó ka iye ènìyàn tí ń gbé e, kí ó sì béèrè ẹni tí ń san owó èyí tí ó bá bẹ́ lọ́nà. Kí ó gba ìdáhùn náà lórí ìwé kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́.