Ènìyàn Ni Aṣọ Arìnrìn-àjò

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ti ẹ̀ka Kánò

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìrìn-àjò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń múra àtijáde nílẹ̀ yìí. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo ti tà, mo ti rà láti Kánò títí dé Àbíjáǹ, ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé páspọ́ọ̀tù wa kò lágbára. Bí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò kó ìwé báńkì rẹ̀ sílẹ̀, yóò san owó físà. Bí wọ́n bá sì kọ̀ fún un, owó náà kò ní padà. Ibi tí ìwé wa ti ní agbára díẹ̀ ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Ní 1975 ni wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1979 ni àwọn ìjọba fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n òfin lọ́tọ̀, ẹnu ibodè lọ́tọ̀.

Ní 2016, mo ń kó bàtà awọ lọ sí Àbíjáǹ. Ní ẹnu ibodè kan, wọ́n ní n kò ní káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, wọ́n sì gba páspọ́ọ̀tù mi. Ọkọ̀ já ẹrù mi sílẹ̀, ó lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo pe akọ̀wé àwọn ará ìlú wa ní Lómè, ẹni tí n kò rí rí. Ọ̀kadà ló gùn wá. Ohun mẹ́ta ni ó bi mí: agboolé wo ni mo ti wá, ta ni baálé wa, kí sì ni oríkì wa? Nígbà tí mo dáhùn tán, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ ibodè sọ èdè wọn, ó sì dúró fún mi. Òun sùn lórí ẹní, èmi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ó mú mi lọ gba abẹ́rẹ́, mo gba káàdì, wọ́n dá ìwé mi padà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Bí ọmọ ìlú wa kan bá dé Kánò, san án fún un.”

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òfin ìjọba ṣe òrùlé. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré. Bàbá mi wà ní Tamale nígbà náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni ó gbé bọ̀. Gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ ló ṣòfò. Ẹgbẹ́ yìí ló gbà á ní Kánò, tí ó fún un ní ṣọ́ọ̀bù àti owó ìpìlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 1983, ìjọba tiwa náà lé àlejò tí kò ní ìwé. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ṣì ń pè ní Gánà-mọ́ọ̀sì-gó lọ́jà títí di òní.

Nísinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti Màràdì dé, olè ti jà á lójú ọ̀nà. Ó wá sí ìsọ̀ mi, ó ní ọmọ ìlú wa ni òun. Ọjà ń lọ lọ́wọ́. Mo ní kí ó dúró de ọjọ́ ìpàdé. N kò tilẹ̀ bi í ní agboolé rẹ̀. Òru mẹ́ta ló sùn ní gáréèjì. Nígbà tí ọkàn mi kò balẹ̀ tí mo lọ wò ó, ó ti lọ. Títí di òní n kò mọ ibi tí ó wà. Gbèsè Lómè wà lọ́rùn mi, ẹni tí n bá san án fún dé ẹnu ìsọ̀ mi, mo lé e.

Nítorí náà, mo gbé àbá mẹ́rin kalẹ̀:

Èkíní, kí a ní yàrá kan àti owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta fún àlejò, láti inú owó oṣù wa.

Èkejì, kí a ní ìwé tí a ó kọ orúkọ àti fóònù àwọn akọ̀wé wa ní Kútọnu, Lómè, Àkírà àti Àbíjáǹ sí, kí a máa tún un ṣe lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta, kí Alága máa fọwọ́ sí ìwé ìfinihàn fún arìnrìn-àjò wa. Ìwé yìí kò rọ́pò páspọ́ọ̀tù tàbí físà o. Ènìyàn wa nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì jẹ owó onílé lọ́hùn-ún, a ó yọ orúkọ rẹ̀, nítorí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ má ṣe ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ẹni tó ní òun yóò mú ọmọ yín dé Yúróòpù láìní ìwé, títà ló ń tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Màràdì, ẹ rántí pé Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS ní 29 oṣù kìíní 2025. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa níbẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Bí ìwé wa kò bá lágbára, kí ènìyàn wa lágbára. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbúròó ọ̀dọ́mọkùnrin ará Màràdì yẹn, ẹ sọ fún un pé akọ̀wé ń wá a, kì í ṣe fún owó oṣù.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn ará wa lójú ọ̀nà.