Pupa Inú Ẹyin: Ẹrù Tí Ìyá Dì fún Ọmọ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa)



Àwọn kan lè bi wá léèrè pé, kí ni ó kan Ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àṣà àwọn baba wa nínú ọ̀rọ̀ pupa ẹyin? Ìdáhùn wa kò gùn. Ọ̀kan nínú àwọn àṣà náà dá lórí ẹyin: wọ́n ní kí a má ṣe fún ọmọdé ní ẹyin jẹ, kí ó má baà di olè. Kí a tó dá ẹjọ́ àṣà yìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú ẹyin.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ilé-ẹyin ni adìyẹ ti ń ṣe pupa ẹyin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni alágbẹ̀dẹ rẹ̀. Nígbà tí abo adìyẹ bá tó yé, oje ara kan tí a ń pè ní ẹ́sítírójìn yóò ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò sì ṣe èròjà amúaradàgbà ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní vitellogenin. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò rù ú dé ilé-ẹyin. Ẹyin yóò gbà á wọlé, yóò sì gé e sí wẹ́wẹ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú wọn ni lipovitellin, tí ó ru ọ̀rá, àti phosvitin, tí ó ru fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì.

Bí ó ti rí lára adìyẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ wo ọ̀pọ̀lọ́ eléèékánná ti Gúúsù Áfíríkà, tí ń jẹ́ Xenopus. Akọ rẹ̀ kì í yé. Ṣùgbọ́n bí a bá gún un ní abẹ́rẹ́ ẹ́sítírójìn, láìpẹ́ ọjọ́ vitellogenin yóò kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹyin tí yóò kó o sí. Àkùkọ pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ni ẹ̀rí pé ẹ̀dọ̀ ni orísun rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya àwọn èròjà wọ̀nyí sọ́tọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń sẹ́ ògì. Wọn a po pupa ẹyin mọ́ omi iyọ̀ díẹ̀, wọn a fi ẹ̀rọ yí i kíákíá. Hóró tí ó wúwo a rì sí ìsàlẹ̀ bí ògì, omi a dá lókè. Bí wọ́n bá da omi oníyọ̀ púpọ̀ lé hóró náà, a yọ́, a sì ṣeé pín sí ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún 1949, Mecham àti Olcott ní Amẹ́ríkà ya phosvitin sọ́tọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀. Òun náà ni ó di èyí tí ó pọ̀ jù nínú irin pupa ẹyin mú.

Ọjọ́ 21 ni òròmọdìyẹ ń lò nínú èèpo, ìyá rẹ̀ kì í bọ́ ọ. Ohun tí yóò di ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ẹrù tí ìyá dì sílẹ̀ kí èèpo tó pa dé. Oògùn pàápàá wà níbẹ̀: ní ọdún 1893, Felix Klemperer ará Jámánì fi hàn pé adìyẹ tí a dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ àrùn ipá ń fi ààbò náà sínú pupa ẹyin rẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin àgbà, ṣé irú oúnjẹ yìí ni kí a fi du ọmọ wa? A kò bú àwọn baba wa. Ẹyin ni ń di àkùkọ; nígbà tí adìyẹ kò pọ̀, ẹni tí ó jẹ ẹyin jẹ agbo ọ̀la. Ṣùgbọ́n bí ìdí òfin bá ti kúrò, kí òfin náà máa lọ. A kò sì ní ṣàsọdùn: phosvitin di irin mú pinpin, ara ènìyàn kì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́ má ṣe wọ́n nínú àwo ọmọ.

A bẹ ẹ̀yin olóyè pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé yín, nítorí ohun tí ìjòyè bá ṣe ni ará ilé ń wò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹyin ní gbangba, kí ó má baà jí i jẹ ní kọ̀rọ̀.

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbó jù wá lọ.