Erin Tó Ń Fò

Ṣé ẹ rántí Nigeria Airways, ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ya erin abìyẹ́ sí lára? Ẹ̀rín ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń ròyìn èrò tó ń sáré lọ sídìí bàálù kí wọ́n lè rí ìjókòó, bí ẹní ń lé ọkọ̀ Iléṣà ní Old Garage Òṣogbo. Ìjọba pa iléeṣẹ́ náà rẹ́ ní 2003. Virgin Nigeria tó rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2005. Owó tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways àtijọ́ ńkọ́? Ní 2018 ni ìjọba tún san apá kan nínú gbèsè náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ti kú kó tó dìgbà náà, ó sì dùn mí gan-an. Òṣómàáàló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta ọjà láwìn, kò ní gbà. Ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni ì bá lóṣòó sí títí owó á fi pé. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣiṣẹ́ ní Nigeria Airways, ẹ bá wọn tọ́jú ìwé iṣẹ́ wọn dáadáa.