Eéwo Ìdí Kì í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Ìtìjú kì í jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ eéwo tó ń yọ lẹ́bàá ihò ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi àpótí jókòó tajà látàárọ̀ mọ ìrora rẹ̀! Ibẹ̀ á wú, á gbóná, á máa ta. Ọ̀pọ̀ wa á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, agbo yá. Agbo kò lè fa ọyún yẹn jáde. Kápúsù tí à ń rà lọ́wọ́ oníkiri náà, òun nìkan kò tó.

Dókítà ni yóò fún ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó má baà dùn wá, yóò là á, ọyún á dà jáde. Wọn kì í rán ojú rẹ̀, nítorí inú ló gbọ́dọ̀ ti jinná wá síta. Lẹ́yìn náà, à á máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má fi réésà là á nílé o! Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ibà bá mú, kó má sùn lé e. Bó bá tún ń ṣọyún lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ẹ padà lọ. Ó lè ti lu ihò sínú, iṣẹ́ abẹ mìíràn ló kàn.

Owó ńkọ́? Ẹ wá bá akọ̀wé wa fún owó yíyá. A kò ní bi yín léèrè ibi tó ń dùn yín.