KỌ́ŃTÁKÍTỌ̀ TÍ Ó BÀJẸ́: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Bauchi Road, Jos

 

Jos ga tó mítà 1,200, ó sì tutù ju ilé lọ, nítorí náà ẹ̀rọ amúlétutù kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní kóòdù-rúùmù ẹja, àti ẹ̀yin tí ẹ ní amúlétutù ńlá ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ yín nìyí.

Iná tí ń gbé ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́ ju agbára swíìṣì kékeré lọ. Kọ́ńtákítọ̀ ni oníbodè láàárín wọn. Bí iná díẹ̀ bá dé ara wáyà tí a ká sínú rẹ̀, yóò di òòfà, òòfà yóò fa irin mọ́ra, ọ̀nà yóò sì ṣí fún iná ńlá. Bí iná díẹ̀ náà bá kúrò, irin yóò tú sílẹ̀.

Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, òòfà kò lè di irin mú dáadáa. Yóò máa gbọ̀n, yóò máa ta pàrà, ojú irin yóò sì jó dúdú. Nígbà mìíràn irin yóò lẹ̀ mọ́ra, ẹ ó pa ẹ̀rọ, kò ní kú. Eruku ọyẹ́ àti èèrà pẹ̀lú a máa bà á jẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi ìṣáná há a tàbí kí ó fi okùn dè é nítorí kí ẹja má bàa bàjẹ́. Bí a bá dè é, ẹ̀rọ lè gbóná títí yóò fi gbiná, kọ́ńtákítọ̀ kò ní lè dá a dúró mọ́. Ẹni tí ó rí ọjà ńlá Jos lẹ́yìn iná ọdún 2002 mọ ohun tí iná ń fi ọlọ́jà ṣe. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ pe oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì dúró tì í:

1. Kí ó pa iná láti orísun, kí ó yọ ti jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà pẹ̀lú, kí ó fi tésítà wò ó. Kàpásítọ̀ a máa fi iná pamọ́ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ. Kí ó kọ́kọ́ tú u sílẹ̀.

2. Kí ó sàmì sí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ó tó tú u.

3. Kí fóòtì wáyà kíká inú tuntun bá ti àtijọ́ mu, ìbáà ṣe 24, 220 sí 240, tàbí 380 sí 415. Kí ámpíà rẹ̀ má sì kéré sí ti àtijọ́.

4. Kí ó de gbogbo síkúrúù le, nítorí wáyà tí kò le a máa gbóná.

5. Kí ó sọ ohun tí ó pa ti àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ iná tí ó rẹlẹ̀ ni, tí a kò sì wá nǹkan ṣe sí i, tuntun yóò bá a lọ.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn kóòdù-rúùmù láìnídìí. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, kí ẹni tí ó ní àyè nínú tirẹ̀ gba ẹja ẹnìkejì rẹ̀ sílé. Owó èsúsú ni ọ̀pọ̀ wa fi ra ọjà yìí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn odi.

 Ọjà kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.